Àwọn Olókìkí Ọsirélíà àti Ilé Ìyá Wa

Darwin, Ọsirélíà,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje, 1988.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìnira ẹsẹ̀, ẹ sì kú ooru ẹ̀ẹ̀rùn tó ń jó Kalymnos lásìkò yìí. Ẹ bá mi kí Sevasti àbúrò mi, ẹ ní mo ní ó kú iṣẹ́ ilé. Mo nírètí pé lórí ìjókòó ni ìwé yìí yóò ti bá yín, kì í ṣe lórí ìdùbúlẹ̀. Èmi náà wà, ó kàn rẹ̀ mí ni. Tí mo bá ti jókòó nílé Bàbá Kékeré Mikes lẹ́yìn iṣẹ́, ìyàwó wọn á pè mí títí kí n tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi láti ìgbà Àjíǹde. Iṣẹ́ ni. Ọdún yìí làwọn ará ibí ń ṣe àjọ̀dún igba ọdún tí ọkọ̀ àwọn baba ńlá wọn gúnlẹ̀. Àwọn onílẹ̀ tí ọkọ̀ náà bá nílẹ̀ kò bá wọn jó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ìlù má dún. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Rudge, wá pàṣẹ pé kí gbogbo kíláàsì kọ́ nípa àwọn olókìkí ọmọ Ọsirélíà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú ẹnì kan, yóò kọ́ ìtàn rẹ̀, yóò múra bíi tirẹ̀, yóò sì dúró níwájú àwọn òbí ní gbọ̀ngàn, yóò ní, "Èmi ni lágbájá."

Ẹ wá wo ohun tójú mi rí. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Troy ló kọ́kọ́ nawọ́.

"Tíṣà, Phar Lap lèmi mú."

"Troy, ẹṣin ni Phar Lap."

"Ẹṣin tó lókìkí ni, tíṣà. Ta ni ò mọ̀ ọ́n nídìí eré ìje?"

Ni Leanne, tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, bá fò dìde. "New Zealand ni wọ́n ti bí i! Bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ibí rárá."

"Ibí ló ti sáré, ibí ló ti gba ipò kìíní. Tiwa ni!"

"Ìgbà wo ló di tiyín? Ṣé ẹ bi ẹṣin náà ni?"

Bí wọ́n ṣe yíjú sí mi nìyẹn. Leanne ní, "Tíṣà, ìgbà wo gan-an lèèyàn ń di ọmọ Ọsirélíà?"

Bàbá, mo ní kí wọ́n ṣí ìwé ìṣirò wọn.

Craig ní tòun ni Simpson, ọkùnrin tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ní Tọ́kì. Òun náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí, inú ọkọ̀ òkun tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ti sá lọ tó fi di ará ibí. Leanne ò tíì mọ ìyẹn. Ẹ má ṣe bá mi sọ fún un.

Sevasti kọ̀wé pé ẹ ò fẹ́ lo oògùn ẹsẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó. Ọ̀gbẹ́ni Rudge ní láti ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó bá ti gba ìwé ọmọ onílùú nìkan ni wọn yóò fún níṣẹ́ gbére, ó ní kí n tètè kọ orúkọ mi sílẹ̀. Mo ní n óò rò ó. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ níhìn-ín, ẹ fi oyin díẹ̀ rán an sí mi. Oyin ibí ò lóòórùn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, n óò wálé.

Èmi ni ọmọ yín,
Themelina.


Pothia, Kalymnos, Gíríìsì,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ.

Themelina, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi wà bó ṣe wà láti ìgbà tí omi jíjìn ti gbà á lọ́wọ́ mi, oògùn kankan ò ní dá a padà, torí náà kí ìwọ àti Sevasti yé dààmú mi. Àwa tí a wọ inú òkun lọ ká kànrìnkàn, tí a sì tún jáde, kò yẹ ká máa ráhùn.

Láti Àjíǹde títí di oṣù Keje, o ò rí àyè kọ ìlà méjì sí bàbá rẹ, àmọ́ o ráyè ẹṣin. Ó dáa.

Mo ka ọ̀rọ̀ oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn sétí àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé kọfí. Nomikos ní, "Kí ló ṣe tó fi lókìkí?" Mo ní ó fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé èèyàn. Ó ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Mo ní ó tán. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìgbà tí ọmọ mú ìyá rẹ, tó jẹ́ pé ìwọ lọmọ náà, ta ló gbé e gorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti òkè Argos dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí ìyá rẹ sì ń ṣépè fún èmi àti ẹranko náà títí a fi délẹ̀? Ẹ ya àwòrán tèmi náà sára ògiri yín.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tí o fi pamọ́ sáàárín oògùn àti oyin, mo rí i. Òmùwẹ̀ ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń wo ìsàlẹ̀.

Ìwé ọmọ onílùú wo? Wọ́n ti sọ fún mi bó ṣe ń rí. Èèyàn á nawọ́ sókè níwájú àwòrán ọbabìnrin, á ní òun ò mọ ilẹ̀ baba òun mọ́. Ìwọ? Lẹ́yìn tí ìjì wó Darwin ní 1974 lo lọ. Mikes ló bẹ̀ mí pé kí o wá bá àwọn tọ́jú ọmọ nígbà tí àwọn bá ń tún ilé kọ́. Ọdún méjì la jọ sọ. Ọdún méjì!

Ilé tí mò ń sùn yìí, ilé ìyá rẹ olóògbé ni. Ìyá tirẹ̀ ló fún un, àkọ́bí obìnrin ló ń jogún ilé ní erékùṣù yìí, ìwọ sì ni àkọ́bí. Ọdọọdún, kí Àjíǹde tó dé, èmi fúnra mi ni mò ń gun àkàbà fi ẹfun kun yàrá òkè, kó lè funfun dè ọ́. Ẹnikẹ́ni ò sùn níbẹ̀ rí. Ṣé ará ibòmíì ni mò ń kun ilé dè?

Bí o bá lọ búra fún wọn, má tún kọ̀wé sí mi mọ́.

Bàbá rẹ,
Sakellaris.


Darwin,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé yín, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn, mò ń bá yín jà lójú ọ̀nà bíi wèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Ìbúra náà kò ní kí n sẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò nínú rẹ̀. Ìwé Gíríìsì mi á ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún yín nílé kọfí, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ. Bí mi ò bá gba ìwé náà, iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi, ibi ìdáná Bàbá Kékeré ni n óò padà sí.

Ẹ ní ọdún méjì la jọ sọ. Òótọ́ ni. Ó kù díẹ̀ báyìí kí iye ọdún tí mo ti lò níbí dọ́gba pẹ̀lú iye tí mo lò lọ́dọ̀ yín. Èmi náà ò mọ bó ṣe lọ.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó ń jẹ́ Domingas. Timor ni wọ́n ti sá ogun wá, òun àti ìyá àgbà rẹ̀. Òun nìkan ni kò tíì mú olókìkí kankan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà náà wá sí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ló ń túmọ̀.

"Ìyá àgbà ní àwọn ò fẹ́ kí n dúró níwájú èèyàn kí n ní èmi ni ẹlòmíì," Domingas wí. "Wọ́n ní bàbá mi ò tíì dé. Wọ́n ní tó bá dé, tó ń béèrè Domingas, tí wọ́n wá ní kò sí Domingas níbí ńkọ́?"

Mo ní, "Sọ fún wọn pé eré lásán ni. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

Ó sọ fún un. Obìnrin náà kò bínú, ó kàn wò mí bí ẹni tó ti rẹ̀. Ó sọ nǹkan kan.

"Wọ́n ní ohun tí wọ́n sọ fáwọn náà nìyẹn nígbà tí àwọn ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Pé fún ìgbà díẹ̀ ni."

Mo bá a gbé agboòrùn rẹ̀ dé ẹnu géètì. Ẹ̀yin ni mo rí lójú rẹ̀. Mi ò fi dandan mú ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì sógun tó lé mi. Mo fẹ́ kí ẹ yọ̀ǹda fún mi. Ìparí oṣù Kọkànlá ni ìwé náà gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ kọ ìlà kan péré sí mi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ bú mi nínú rẹ̀.

Ọmọ yín,
Themelina.


Darwin,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá.

Bàbá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Mo ń retí yín. Ọmọ tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wa ti mọ̀ mí, bó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà á ti mi orí láti òkèèrè kí n má bàa dìde lásán. Ṣé ara yín le? Ṣé ìwé mi ò dé ni, àbí ó dé?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti gbọ̀ngàn fún yín, bóyá ẹ óò rẹ́rìn-ín.

Ooru tó ń ṣáájú òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀run ń kùn, kò rọ̀. Gbogbo abẹ̀bẹ̀ iná ń yí, kò sẹ́ni tó rí afẹ́fẹ́. Troy wọ kúbùsù aláwọ̀ ilẹ̀, ó ní òun ni Phar Lap, òógùn bò ó títí tí mo fi bu omi lé e lórí bíi ẹṣin gidi. Leanne, tó múra bí obìnrin olórin àtijọ́, dá orin rẹ̀ dúró láàárín, ó nawọ́ sí i, ó ní, "Ọmọ New Zealand!" Àwọn òbí pàtẹ́wọ́.

Craig kò rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Gbogbo wọn fẹ́ jẹ́ èèyàn ńlá, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹranko. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, Domingas wá bá mi nídìí tábìlì. "Tíṣà, èmi á ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

"Ìyá àgbà rẹ ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún wọn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í ṣe ọmọ ibì kankan. Tí bàbá mi bá dé, á ṣì bá mi lórúkọ mi."

Ọ̀gbẹ́ni Rudge pè mí sápá kan. "Tíṣà, ọmọ àlejò la wá fi ṣe ẹranko? Kí làwọn òbí máa sọ?" Mo ní, "Òun ló mú un fúnra rẹ̀, Ọ̀gá." Ó ní, "Èmi ò mọ̀ sí i o."

Ìyá àgbà rán ìrù fún un, ó sì gé etí méjì láti ara páálí. Bí Domingas ṣe gun orí pèpéle, ó dúró, ó wo gbogbo èèyàn, ó wá ké. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ mọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, etí yín á gbà pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Ó ké, ó tún ké, Craig tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbàgbé gbogbo ohun tó kọ́ sórí. Ìyá àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó parí, Ọ̀gbẹ́ni Rudge bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ó dáa gan-an. Ìwé rẹ ńkọ́?" Mo ní ó ń bọ̀. Mo wọ inú yàrá tí a ń kó àga sí, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Kò sí ohun tó bà mí nínú jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn rẹ̀ mí.

Mi ò tíì fi ìwé náà ránṣẹ́. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè. Ẹ dá mi lóhùn.

Themelina.


Pothia,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín. Sevasti ló ń kọ èyí, Bàbá ò mọ̀.

Bàbá ò ṣàìsàn. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ó ń jẹun, ó ń lọ sílé kọfí, ó ń bá gbogbo ayé jà. Ìwé yín méjèèjì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó ti ṣí wọn ṣí wọn títí wọ́n fi fẹ́ẹ́ ya. Nígbà tó ka ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibi ìdáná. Mo ní, "Ẹ dá a lóhùn." Ó ní, "Dákẹ́."

Ẹ ní ó rẹ̀ yín. Ẹ kú iṣẹ́. Ó rẹ èmi náà. Ẹ̀yin ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ àwọn olókìkí, èmi ń fọ ẹsẹ̀ Bàbá, mò ń bá a wọ bàtà, kò sì sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́.

Ohun tí Bàbá ò jẹ́ kí n kọ sí yín ni mo fẹ́ kọ. Manolis, ọmọ ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ti tọrọ mi láti ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún. Mo gbà. Àmọ́ ẹ ò tíì gbàgbé bí nǹkan ṣe rí níbí: obìnrin ló ń mú ilé wá. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń bi í pé ilé dà. Ilé kan ṣoṣo ló wà, tiyín sì ni. Mo bẹ Bàbá, mo ní kó fún mi ní yàrá òkè nìkan. Ó ní ti Themelina ni. Mo ní Themelina ò bọ̀. Ó sọ ife mọ́ ògiri.

Ìyá Manolis ti ń wo ọmọ ẹlòmíì fún un. Manolis ní òun á dúró. Títí dìgbà wo?

Bàbá kò lè gun àkàbà mọ́. Èmi ni mò ń kun yàrá yẹn, Ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́dọọdún lèmi ń fi ẹfun kun yàrá tí wọ́n ò jẹ́ kí n sùn sí.

Ìwé yín sábà máa ń parí sí "lọ́dún tó ń bọ̀." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé ẹ ń bọ̀ ni, àbí ẹ ò bọ̀?

Àbúrò yín,
Sevasti.


Darwin,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá.

Bàbá mi,

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Mi ò bọ̀ wá gbé ilé. N óò wá kí yín, n óò wá bá yín jẹun, ṣùgbọ́n mi ò ní padà wá gbé. Mo ti jókòó ti ìlà kan yìí láti àárọ̀.

Bí mo ṣe ń kọ "lọ́dún tó ń bọ̀" yẹn, mo máa ń gbà á gbọ́ títí n óò fi lẹ àpò ìwé pa.

Ẹ fún Sevasti nílé. Gbogbo rẹ̀ ni o, kì í ṣe yàrá òkè nìkan. Mo ti fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà, ìwé rẹ̀ wà nínú àpò yìí. Ẹ má bínú sí i pé ó sọ fún mi. Ẹ tún má bínú sí Manolis. Ẹni tó bá lè fara da ẹ̀yin fún ìgbà tó tó báyìí, ọmọ dáadáa ni.

Mo ti fi ìwé tèmi náà ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní la ó búra.

Lánàá, Leanne tún bi mí pé ìgbà wo lèèyàn ń di ọmọ Ọsirélíà. Mi ò ní kí wọ́n ṣí ìwé ìṣirò. Mo ní mi ò mọ̀ dájú, bóyá ọjọ́ téèyàn bá ṣíwọ́ pípariwo pé òun ń lọ ni. Ó ronú. Ó ní, "Ẹṣin kì í sọ̀rọ̀, tíṣà."

Ẹ ní kí n má kọ̀wé sí yín mọ́. Ìyẹn ni mi ò lè ṣe. N óò máa kọ. Bí ẹ ò bá fẹ́ kà á, ẹ kó o fún Sevasti.

Ọmọ yín,
Themelina.


Pothia, Kalymnos,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá.

Themelina,

Mo kí ọ. Ọjọ́ tí ìwé rẹ dé, afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan jáde ní èbúté, torí náà gbogbo ọkùnrin wà nílé kọfí, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣí i. Mi ò lè dúró dé ilé.

Mo ti fún Sevasti ní ìwé ilé lójú Manolis àti ìyá rẹ̀. Ìyá Manolis sunkún. Mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún, òun kọ́ ló pàdánù nǹkan kan. Lẹ́yìn Àjíǹde ni ìgbéyàwó. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi ibi tí n óò máa gbé àga mi sí.

Inú mi ò dùn. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé sí ọ pé inú mi dùn, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti sùn.

Nomikos bi mí pé, "Ó ti wá di ará ibẹ̀ nìyẹn?" Mo ní, "Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹun níbẹ̀." Ó ní ó dáa, ó pín káàdì, a bá eré wa lọ.

Ohun kan ló kù. Mikes sọ fún mi lórí fóònù pé Tina ni wọ́n ń pè ọ́ níbi iṣẹ́. Ta ni Tina? Orúkọ ìyá ìyá rẹ ni mo sọ ọ́, èmi àti ìyá rẹ la jọ gbé ọ lọ síwájú àlùfáà. Lọ́jọ́ ìbúra yẹn, Themelina Hatzimihali ni kí o kọ sílẹ̀ fún wọn. Má bá wọn gé e kúrú. Nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ, bí ẹni tó ń pè é bá kọsẹ̀, má dìde. Bó bá tún kọsẹ̀, má dìde. Jókòó, kí o ká ọwọ́ lérí itan, kí o máa wò ó, títí yóò fi pè é tán.

Lẹ́yìn náà, kí o wá dìde.

Bàbá rẹ,
Sakellaris.